Bí a ṣe ń mú àsanlé gbèsè ilé, ètò ìnáwó ìdílé àti ìmúra àtikó rìn pọ̀

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ní Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ìlíṣàn àti Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n ti fi ẹ̀yáwó báǹkì ra ilé tàbí kọ́lé: bí owó díẹ̀ bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó oṣù, ṣé kí a fi kún èyí tí à ń san fún báǹkì kí gbèsè lè tètè tán ni (èyí tí mo pè ní àsanlé), àbí kí a tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí a ó kó lọ sí ilé tó gbà wá jù ú lọ? Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ń fi ìbẹ̀rù gbèsè dáhùn ìbéèrè yìí, torí pé láti kékeré ni wọ́n ti gbìn ín sí wa lọ́kàn pé gbèsè kì í ṣe ohun àmúyangàn. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ yẹn gidigidi. Síbẹ̀, ohun méjì ló yẹ kó pinnu ìdáhùn: iye èlé tó wà lórí gbèsè náà, àti bóyá inú ilé yẹn gan-an lẹ fẹ́ gbé títí di ọjọ́ ogbó. Owó tí ẹ bá ti san lé gbèsè ilé ti wọ inú ògiri, kò sì rọrùn láti yọ ọ́ jáde lọ́jọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí tí ilé tó wù yín bá yọjú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú gbèsè tí ẹ jẹ

Ẹ lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó yín ní báǹkì, èyí tó ń fi hàn lóṣooṣù iye tí ẹ san, iye tó bá èlé lọ, àti iye tó dín ojú owó, ìyẹn owó gan-an tí ẹ yá, kù. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìwé títẹ̀ tí òǹtẹ̀ báǹkì wà lára rẹ̀, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ìpinnu yòókù máa dúró lé.

Bó bá jẹ́ owó NHF (National Housing Fund, àpò owó ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dá owó sí) lẹ yá, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Òfin ọdún 1992 ló fìdí ètò náà múlẹ̀: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, Federal Mortgage Bank of Nigeria ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tó bá sì ti dá a fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lè tọrọ ẹ̀yáwó nípasẹ̀ báǹkì tó ń yáni lówó ilé, kí ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún tí kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n lọ. Ẹ̀yáwó ilé tó ń ti inú MREIF, àpò owó ilé mìíràn ti ìjọba àpapọ̀, wá jẹ́ ìdá 9.75. Ti báǹkì oníṣòwò yàtọ̀ pátápátá sí méjèèjì. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, èlé àwọn báǹkì náà tẹ̀lé e lọ sókè, ó sì wà nínú àdéhùn ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó pé báǹkì lè yí èlé padà bí ọjà owó bá ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká fi owó kan náà wo gbèsè méjì. Ká ní mílíọ̀nù 10 náírà lẹ yá fún ogún ọdún ní èlé ìdá 6. Ohun tí ẹ ó máa san lóṣù jẹ́ ₦71,643. Ní oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 nínú rẹ̀ á bá èlé lọ, ₦21,643 ni yóò sì dín ojú owó kù. Bí ẹ bá ń fi ₦20,000 kún un lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, gbèsè náà á tán ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá àti oṣù méjì dípò ogún ọdún, èlé tí ẹ kò ní san mọ́ á sì tó mílíọ̀nù 2.7.

Ẹ wá gbé mílíọ̀nù 10 kan náà sí èlé ìdá 25, fún ọdún mẹ́wàá. Owó oṣooṣù á di ₦227,493. Nínú èyí tí ẹ san lóṣù àkọ́kọ́, ₦208,333 á wọ èlé, ₦19,160 péré ni yóò kan ojú owó. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ₦20,000 kún un, owó kékeré yẹn nìkan á ti dín ojú owó kù ju gbogbo èyí tí ẹ san ṣáájú rẹ̀ lọ. Gbèsè náà á tán ní nǹkan bí ọdún méje àbọ̀, èlé tó lé ní mílíọ̀nù 5 á sì bọ́ lọ́rùn yín. Owó kan náà ni, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣe lọ́hùn-ún, kò sì gbà tó ogún ọdún.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa nìyí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń fi ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà ọ̀tún. Ẹni tó jẹ gbèsè èlé 6 kò ní ìdí láti sáré san án lé. FGN Savings Bond, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń tà láti fi yá owó lọ́wọ́ aráàlú, ṣeé rà láti ₦5,000, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló ń lò, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé rẹ̀, èlé tó sì ń mú wá ní ọdún 2025 ju ìdá 12 lọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ₦20,000 tí ẹ kò san lé gbèsè NHF lè máa mú ju ìlọ́po méjì èlé gbèsè náà wá, kí ó sì wà níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ́n gógó ọjà náà ń jẹ gbèsè yín láti ìsàlẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ ajé orílẹ̀-èdè kéde pé ó ti dé ìdá 34.80. Owó oṣù lè gòkè tẹ̀lé ọ̀wọ́n gógó, bó tilẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ₦71,643 ni ti báǹkì ṣì máa jẹ́.

Àwọn kan wà tí mo máa gbà níyànjú láti san án lé bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́, tó mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì kò ní gbé ẹrù gbèsè, kí ó tètè mú un kúrò lọ́nà. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ pé owó kì í pẹ́ lọ́wọ́ òun, kí ó gbé e fún báǹkì kí ìnáwó tó gbé e lọ.

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ìlú Ọba, wọ́n lè máa sọ fún yín pé àsanlé ló dára jù. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa tiwọn. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ báǹkì máa ń gbà kí onígbèsè tí èlé rẹ̀ wà lójú kan san tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè tó ṣẹ́kù lé e lọ́dọọdún láìsí owó ìtanràn, àlàfo tó wà láàárín èlé gbèsè ilé àti èlé owó ìfipamọ́ níbẹ̀ kò sì fẹ̀ bíi tiwa. Ìmọ̀ràn wọn kò burú. Ọjà wa ló yàtọ̀.

Ètò ìnáwó ọdún kan, kì í ṣe ti oṣù kan

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ má ṣe bu iye àsanlé kankan kí ẹ tó kọ ìnáwó ọdún kan gbáko sílẹ̀. Ètò oṣù kan ṣoṣo máa ń tan ni jẹ, torí pé nínú oṣù Kejì tàbí oṣù Kọkànlá, ó lè dà bí ẹni pé owó pọ̀. Ẹ gbé ìwé ńlá kan, ẹ fa ìlà oṣù méjìlá sí i, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ mọ̀ pé ó ń bọ̀ sábẹ́ oṣù rẹ̀: owó ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kìíní àti lẹ́yìn Àjíǹde; owó ìwé àti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́; epo jẹnẹrétọ̀ àti owó iná; owó mọ́tò fún ẹni tó ń ti Ṣágámù lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, èyí tó ti di ẹrù gidi láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023; owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá; àti ìnáwó ẹbí tí kì í sọ̀rọ̀ kí ó tó dé.

Fún àwa tí a jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ìlà kan gbọ́dọ̀ wà fún àjọ̀dún Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, nítorí náà oṣù rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún, ó sì máa ń bá àgbò Iléyá fúnra rẹ̀ pàdé lójú kan náà. Aṣọ tí régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà) mú, fìlà tàbí gèlè, bàtà, ìlẹ̀kẹ̀, owó àdájọ ẹgbẹ́ àti oúnjẹ àlejò, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ ní òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ₦240,000, ₦20,000 lóṣù nìyẹn, ìyẹn iye tí a fi ṣe àpẹẹrẹ àsanlé lókè. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa régbérégbé tì. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bá ni ṣe tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ tàbí tí ayọ̀ bá dé, owó tí a ná sí i kì í ṣe òfò. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a máa tọ́jú rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, kí ó má bàa di pé a ná owó tó yẹ ká san fún báǹkì ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, kí owó ìtanràn sì wá gorí gbèsè.

Bí ọ̀kan nínú yín bá ń ṣòwò, bóyá obì ní Ṣágámù, gààrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí aṣọ lọ́jà Òkè-Ajé, ẹ má fi oṣù tí ọjà yá ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ wo oṣù tí ọjà kú jù lọ láàárín ọdún tó kọjá, kí ẹ fi èrè oṣù yẹn ṣe owó tí ilé lè gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tó bá lé sí i nígbà ìkórè obì ni ẹ lè fi ṣe àsanlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ọjà kì í ṣe èrè, ẹ má sì jẹ́ kí ó wọ inú ìṣírò yìí rárá.

Àjọ àti èsúsú ṣì wúlò púpọ̀ nínú ètò yìí. Ẹ bẹ olórí èsúsú pé kí ó fi yín sí oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án, kí owó náà lè bọ́ sọ́wọ́ yín nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá dé. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ dára fún òrùlé tó jò tàbí ọjà tí a fẹ́ rà, àmọ́ ẹ má ṣe yá a láti fi san gbèsè NHF lé. Gbèsè tó wọ́n lẹ fi ń pa èyí tó rọjú nìyẹn.

Kí àsanlé kankan tó bẹ̀rẹ̀, kí owó ìdúródè ti wà: oúnjẹ oṣù mẹ́ta àti owó báǹkì oṣù mẹ́ta, nínú àpò ìfowópamọ́ tó yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí fóònù tí ẹ ń fi ra nǹkan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí owó oṣù ti máa ń falẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà.

Mo tún fẹ́ kí ọkọ àti ìyàwó jọ wo ìwé báǹkì náà pa pọ̀. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé bàbá nìkan ló mọ iye tí gbèsè kù, tàbí pé ìyá nìkan ló mọ iye tí ọbẹ̀ ń gbà. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń ṣe àsanlé ní ìkọ̀kọ̀, ẹnì kejì á máa rò pé owó kò tó nílé láìnídìí, ọ̀rọ̀ náà á sì di ìjà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú owó mọ́.

Bí ìrètí àtikó bá wà lọ́kàn yín

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ìdí tí ẹ fi fẹ́ kó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé yàrá ni kò tó, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ó ṣeé ṣe kí fífi yàrá kan kún ilé tí ẹ wà rọ̀ yín lọ́rùn ju ríra òmíràn lọ, níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá gbà á, tí báǹkì tó mú ìwé ilé lọ́wọ́ bá fọwọ́ sí i, tí ẹ sì gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́dọ̀ ìjọba. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló yí padà, bíi kí olùkọ́ kan tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde rí iṣẹ́ ní Ìlíṣàn, ẹ kọ́kọ́ fi owó mọ́tò ọdún kan wé iye tí àtikó máa ná yín.

Iye yẹn kì í ṣe owó ilé nìkan. Owó agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, owó awọnlẹ̀, owó alágbàtà, owó ìforúkọsílẹ̀ ìwé, ọ̀dà, irin ojú fèrèsé, kànga tàbí ẹ̀rọ omi, àti ọkọ̀ tó máa kó ẹrù. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ẹni tó bá fẹ́ ta ilé tó ní C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni), tàbí tó fẹ́ fi dúró fún ẹ̀yáwó, gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà, owó àti àkókò ni ìyẹn náà sì ń gbà ní Abẹ́òkúta. Bí gbèsè bá ṣì wà lórí ilé tí ẹ fẹ́ tà, ọwọ́ báǹkì ni ìwé rẹ̀ wà. Báǹkì á fún yín ní ìwé tó ń sọ iye tó kù gan-an títí di ọjọ́ kan pàtó, owó ẹni tó fẹ́ rà á á kọ́kọ́ pa gbèsè náà, báǹkì á sì wá fọwọ́ sí ìwé ìtúsílẹ̀ kí ilé tó lè di ti olúwarẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni tiyín.

Lóòótọ́, àsanlé tí ẹ ti ṣe á padà wá bá yín lọ́jọ́ tí ilé bá tà. Àmọ́ ilé kì í tètè tà ní ìlú wa bí ọjà orí àtẹ. Ẹni tó ń retí owó ilé Ṣágámù kí ó tó lè san ti ilé Ìjẹ̀bú-Òde lè dúró títí tí ẹlòmíràn á fi gba ilé tó wù ú. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí ẹ bá fẹ́ kó láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ dá àsanlé dúró, kí ẹ máa kó owó náà jọ síbi tí ẹ ti lè rí i yọ, àyàfi bí gbèsè yín bá jẹ́ èyí tí èlé rẹ̀ ga gan-an. Bó bá jẹ́ pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló kù, tí gbèsè sì jẹ́ ti báǹkì oníṣòwò, ẹ pín owó tó ṣẹ́kù sí mẹ́ta: ìdá méjì fún àsanlé, ìdá kan fún àtikó. Bó bá jẹ́ ti NHF, kí gbogbo rẹ̀ lọ sí àpò àtikó.

Owó ìfẹ̀yìntì náà lè ṣèrànwọ́. Láti ọdún 2022 ni PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti gbà kí òṣìṣẹ́ lo ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìdásílẹ̀, ìyẹn èyí tí ẹni tó fẹ́ yáwó ń kọ́kọ́ dá fúnra rẹ̀, fún ẹ̀yáwó ilé, bí òun àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ bá ti dá owó náà fún ọgọ́ta oṣù ó kéré tán, tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ṣì ku ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn lè lò ó. Nítorí náà, bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kàn án, ẹ tọ́jú rẹ̀ de ilé tí ẹ mọ̀ pé ẹ ó gbé pẹ́.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ fẹ́ rà láti kọ́lé tuntun, kí awọnlẹ̀ gbé ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́òkúta kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìwé tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá; èyí tí òun nìkan fọwọ́ sí, àwọn yòókù lè gba ilé-ẹjọ́ lọ láti tú u ká.

Bí a ṣe ń san án lé kí ó lè ṣiṣẹ́

Bí ẹ bá ti pinnu pé ẹ ó san án lé, ẹ wo ìwé àdéhùn bóyá owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá tètè san. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà kí ẹ tó san owó náà, torí pé báǹkì lè tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó ń bọ̀, kí ojú owó má sì dín kù rárá. Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gùn. Irú èyí tó:

“Mo fẹ́ san ₦20,000 lóṣooṣù ní àfikún sí owó tí a jọ ṣàdéhùn lórí ẹ̀yáwó mi. Mo fẹ́ kí ẹ fi gbogbo àfikún yìí dín ojú owó kù ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á, kí ẹ má ṣe kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kí owó oṣooṣù dúró bó ṣe wà, kí ó jẹ́ pé ọdún tí mo máa fi san án ló dín kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé dá mi lóhùn.”

Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yáwó yín sórí rẹ̀, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà kan fún yín. Àwọn tí ibi iṣẹ́ ń yọ owó NHF wọn láti orísun, ẹ má ṣe sọ fún akọ̀wé owó níbi iṣẹ́ pé kí ó yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báǹkì tó yá yín lówó ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ tààrà.

Nígbà tí oṣù kan bá pé, ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, kí ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ gbèsè èlé 6 tí a ṣe lókè, lẹ́yìn owó oṣù àkọ́kọ́ àti ₦20,000, ojú owó gbọ́dọ̀ ti di ₦9,958,357. Bí ẹ bá rí ₦9,978,357 níbẹ̀, àfikún yín kò tíì kan ojú owó. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ padà lọ bá wọn lọ́jọ́ kan náà kí èlé oṣù kejì tó wọlé.